Ọ̀rọ̀ Omi Lórí Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ẹni tó bá wù kó pe èyí ní àlọ́, ó kù sí i lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Yàrà omi Dehak ṣì wà níbẹ̀, ní Sístánì, níbi tí ilẹ̀ Páṣíà ti parí tí ti Áfúgánì bẹ̀rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ méjèèjì náà ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tí kò gbà gbọ́ lọ wò ó.

Keramat ni apín-omi Dehak nígbà náà. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni. Bí omi bá ti inú odò Helmand wọ yàrà, Keramat yóò gbé abọ́ bàbà rẹ̀ lé ojú omi. Ihò kékeré kan wà nídìí abọ́ náà, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí abọ́ bá rì, ìpín onílé kan parí, ti ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì rì, ẹni tó ni ìpín ló ni omi. Ọba pàápàá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abọ́ náà.

Ní òdìkejì odò, Payinda ni apín-omi àwọn ará Áfúgánì. Ibà ló pa ìyá Payinda nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá Keramat ló gbà á, tó fún un lọ́mú. Lọ́dọọdún, bí odò bá fà, àwọn ará ìhà méjèèjì yóò fi ẹ̀ka igi gásì di ìsédò, kí omi lè yà sínú yàrà. Kí wọ́n tó dì í, Keramat àti Payinda yóò wọ inú odò dé orúnkún. Wọn yóò bu búrẹ́dì kan, wọn yóò fi kan iyọ̀, wọn yóò jọ jẹ ẹ́. Nínú omi yẹn ni wọ́n ti ń sọ ibi tí ìsédò yóò wà àti ẹni tí yóò gba omi.

A kì í sọ ọ̀rọ̀ omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Ẹni tó bá sì sọ ọ́, oko rẹ̀ yóò gbẹ. Ọmọ Dehak mọ èyí kó tó mọ orúkọ baba rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan tí odò gbẹ pátápátá, tí àwọn èèyàn ìhà méjèèjì ń fi ọkọ́ bẹ́ ara wọn lórí, àwọn ọba méjèèjì gbà kí òyìnbó kan wá láti Íńdíà wá parí ìjà. Ó dé pẹ̀lú ràkúnmí àti ṣọ́jà àti awò tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Àkókò ẹ̀fúùfù ńlá ni, èyí tó ń fẹ́ láti ìgbà oòrùn títí di ìgbà àfúnrúgbìn láìsinmi. Ẹ̀fúùfù náà pa lára ràkúnmí rẹ̀. Òyìnbó kò kúrò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú wá. Níbo ni ìsédò àtijọ́ wà? Odò ká níbì kan bí apá tí a ṣẹ́, Ìgbọ́nwọ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ṣé òkè Ìgbọ́nwọ́ ni àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ẹnu yàrà Dehak wà lókè. Bí òyìnbó bá ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti máa sé odò, omi kò ní gun òkè wá bá Dehak, ìhà Payinda nìkan ni yóò rí i lò. Kò ní sí àlìkámà. Kò ní sí Dehak.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó, Payinda sọdá wá sílé Keramat.

"Ẹ̀gbọ́n, inú àgọ́ ni òyìnbó yóò pè wá sí lọ́la. Ẹ má wulẹ̀ la ẹnu yín níbẹ̀."

"Ṣé orí mi dàrú ni? Orí ẹní ni mo ti máa sọ̀rọ̀ omi?"

"Mo kàn ní kí n rán yín létí ni. Ẹ jẹ́ kó mu tíì rẹ̀ tán. A ó mú un lọ sódò, a ó jọ sọ ọ́ níbẹ̀."

"Òkè Ìgbọ́nwọ́."

"Òkè Ìgbọ́nwọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ibo tún ni?"

Sanam, ìyàwó Keramat, bu búrẹ́dì fún un. "Payinda, jẹun jàre. O ti rù bíi ràkúnmí òyìnbó."

Payinda rẹ́rìn-ín. Ó fi búrẹ́dì kan iyọ̀. Kò gbé e sẹ́nu. Ó rọra fi sínú láwàní rẹ̀. Keramat rí i. Ó rò pé ọmọ ló fẹ́ gbé e lọ fún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀fúùfù ń na àgọ́ bí ẹni ń na aṣọ. Iyanrìn wà nínú tíì. Iyanrìn wà nínú eyín. Òyìnbó béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Keramat wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ẹní onírun.

Payinda dìde.

"Ìsàlẹ̀ Ìgbọ́nwọ́ ni. Ibẹ̀ ni baba mi bá a. Ibẹ̀ ni baba baba mi bá a."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Keramat. Ó rò pé Payinda ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Orí ẹní kọ́ ló wà? Ta ló ń ka èyí sí ọ̀rọ̀?

"Bàbá Dehak," ni ògbufọ̀ wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Keramat yíjú sí ẹnu àgọ́, síhà odò.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. Ṣé o ní èsì àbí o kò ní?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sódò."

"Kí la fẹ́ ṣe lódò?"

"Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́."

Ògbufọ̀ yíjú sí òyìnbó, ó sọ nǹkan kan. Àwọn ṣọ́jà bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lo sọ fún un?" ni Keramat béèrè.

"Mo ní o fẹ́ lọ wẹ̀."

Òyìnbó kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀wé. Ó kán ìda pupa sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ìgbà tí ìda náà le ni Keramat mọ̀ pé wọ́n ti kà á sí ọ̀rọ̀.

"Payinda. Ó yá, ká lọ sódò."

Payinda kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti tán."

Ó jáde. Lórí ẹní, níbi tó dúró sí, ojú ẹsẹ̀ méjì wà níbẹ̀, ó tutù rinrin.

"Ta ló da tíì sílẹ̀?" ni ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó pariwo.

Tíì kọ́. Keramat fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò. Omi odò ni, tòun ti ẹrẹ̀ rẹ̀.

Òyìnbó ri àwọn òpó òkúta mọ́ etí odò, ó fi ṣọ́jà ṣọ́ wọn, ó lọ. Ìsàlẹ̀ Ìgbọ́nwọ́ ni wọ́n ti di ìsédò lọ́dún yẹn. Omi kò wọ yàrà Dehak. Bàrà kú lóko. Irúgbìn àlìkámà wà nínú àpò, kò sí ilẹ̀ tútù tí wọn yóò gbìn ín sí. Bí Keramat bá ń kọjá, wọn a máa kí i láti ojú fèrèsé.

"Apín-omi, pín iyanrìn fún wa!"

"Ìpín tèmi ti pọ̀ jù o, gbé díẹ̀ fún ìyàwó rẹ!"

Nílé, Sanam nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Marjan, ọmú ìyá yín ló mu?"

"Ọmú ìyá mi ló mu."

"Ó sì gé e jẹ."

Àwọn pẹyẹpẹyẹ tó wà ní adágún tí odò ń ṣàn sí ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn wá. Wọ́n ní ṣòkòtò Payinda kì í gbẹ. Ẹ̀fúùfù Sístánì nìyí o, tó jẹ́ pé kí o tó fún aṣọ tán, ó ti gan lọ́wọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ̀ sá a, kò gbẹ. Ó wọ òmíràn, ó rin dé orúnkún. Ó yá iná, èéfín omi ń rú lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò gbẹ. Ẹní rẹ̀ ti jẹrà. Ibikíbi tó bá dúró sí, omi ń wá síbẹ̀ bí ẹni pé inú odò ló wà. Wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sanam rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Keramat kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sínú yàrà gbígbẹ, abọ́ bàbà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fúùfù ń hu. Lójijì, ó dúró.

Àkókò tó yẹ kó dúró kò tíì tó. Kò sì rọlẹ̀ kó tó dúró. Iyanrìn tó wà lófuurufú jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá kò gbó. Keramat gbọ́ èémí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró mìíràn.

Tó. Tó. Tó.

Payinda ń bọ̀ nínú yàrà. Ṣòkòtò rẹ̀ ń kán. Iyanrìn ń mu omi náà bó ti ń kán.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wọ inú omi kí n sọ ọ́."

"Omi dà?"

"Odò wà lọ́hùn-ún."

"Òkúta wà láàárín èmi àti odò. Ìbọn wà lẹ́yìn òkúta. Ìwọ lo gbìn wọ́n síbẹ̀."

Payinda ki ọwọ́ bọ inú láwàní rẹ̀. Búrẹ́dì Sanam ló mú jáde. Ó rọ̀ bí ìgbà tó kúrò lórí iná. Ó bù ú sí méjì, ó na ìdajì.

"Ẹ bá mi jẹ ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Kò ṣeé dá jẹ."

Keramat wo búrẹ́dì náà. Ó gbọ́ òórùn ilé rẹ̀ lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra díẹ̀. Ó rántí ìda pupa. Ọwọ́ náà padà sórí abọ́.

"Sọ ọ́ níbi tí o dúró sí," ni ó wí. "Ṣebí o ti mọ̀ ọ́n sọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ."

Payinda la ẹnu. Ohùn kò jáde. Omi ló jáde, ìró omi lásán, ìró tí omi máa ń dún lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ já wọ yàrà, tó ń gbá ewé àti pàǹtí síwájú. Ó kún gbogbo ibẹ̀. Ó kọjá lórí Keramat, ó lọ sí abúlé. Keramat kò rí ẹ̀kán omi kan.

"Omi dé!" ni ẹnìkan ké ní Dehak. "Omi dé o!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Wọ́n ń sáré bọ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú ọkọ́, pẹ̀lú agbada, arúgbó kan gbé àpò irúgbìn lé èjìká. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dúpẹ́. Wọ́n dé etí yàrà, wọ́n wo inú rẹ̀.

Gbígbẹ ni.

Ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ padà. Iyanrìn bo ojú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n là á, Payinda kò sí níbẹ̀. Òun kò padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ wá a títí dé adágún. Níbi tó dúró sí nínú yàrà, ojú ẹsẹ̀ méjì ló wà, omi kún un dé ẹnu. Kò sí èyí tó lọ, kò sí èyí tó bọ̀.

Wọ́n gbọ́n omi náà, ó kún padà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n bá. Ẹṣin kò gbà láti mu ún.

Keramat gbé abọ́ bàbà rẹ̀ lé ojú ọ̀kan. Ó léfòó. Keramat jókòó tì í.

Àwọn ará Dehak kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sanam ló kẹ́yìn. Ó di ẹrù sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó wá dúró ti Keramat.

"Bàbá Marjan, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Abọ́ kò tíì rì."

"Ìpín ta ni?"

Keramat kò gbé ojú sókè.

"Ti Payinda ni."

Iyanrìn ti bo àwọn ilé báyìí. Ó bo òpó òkúta òyìnbó. Kò bo ojú ẹsẹ̀ méjì náà. Abọ́ bàbà ṣì wà lójú omi, ihò rẹ̀ kò dí. Kò tíì rì.