Ẹ Fi Èékánná Họ Ọ́ Wò Kí Ẹ Tó Gé E

Kò sẹ́ni tó ń pe ọkọ Aránṣọ ní orúkọ rẹ̀ mọ́. Kíákíá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Kí omi tó hó, ó ti da tíì sínú ife. Kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, ó ti dá yín lóhùn.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, àwọn igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé, títí gbogbo wọn fi dúró ní ìhòòhò. Aránṣọ ló gbìn wọ́n nígbà tó wà nínú oyún àkọ́bí rẹ̀, ó sì fẹ́ràn wọn bí ọmọ. Kíákíá da ajílẹ̀ rẹpẹtẹ sí ìdí wọn kí wọ́n lè tètè rúwé. Wọn ò rú nǹkan kan. Ló bá ránṣẹ́ pe agégi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí agégi dé, Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rán nǹkan kan. Ojú fèrèsé ló tẹjú mọ́, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti kú, jàre," ni Kíákíá wí. "Ká gé wọn, ká hú gbòǹgbò wọn, ká gbin òmíràn. Kí la tún ń dúró dè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi kọ́kọ́ rí wọn. Ó ti wà lọ́nà."

"Ṣé iṣẹ́ òkú jíjí ni àbúrò rẹ ń ṣe ni?"

Níta, agégi fa okùn ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bú ramúramù. Ìgbà yẹn gan-an ni àbúrò Aránṣọ já wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀gbìn ló ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi òùngbẹ dán igi wò, á sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń sọjí. Ó sáré lọ dúró síwájú igi, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì kí yín. Ta ló ní wọ́n ti kú?"

"Ojú mi ni," ni Kíákíá fèsì bó ṣe ń jáde síta.

Àbúrò obìnrin náà fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka kan. Ó gbẹ táútáú. Ó wá họ ara ìtí igi náà. Aránṣọ ti sáré jáde wá dúró tì í. Abẹ́ èèpo ibẹ̀ tutù, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti ewé tuntun.

"Ààyè ni!" Aránṣọ pariwo, ó fò mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn. "Ẹ wá wò ó, ààyè ni!"

Agégi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sáré lọ họ òmíràn. "Èyí náà wà láàyè o!" Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń họ igi kiri bí ọmọdé. Ọ̀kan péré, tó wà létí ọgbà, ló gbẹ dé ìdí.

"Igi ò lè sá kúrò nínú oòrùn bíi tiwa," ni àbúrò wí. "Ojú ewé ni omi ń gbà jáde lára rẹ̀. Nígbà tómi wọ́n, ó wọ́wé kí ìwọ̀nba tó kù má bàa tán. Òun ń wá ọ̀nà àtiyè, ẹ̀yin ń sìnkú rẹ̀! Àwọn èéhù kan ń sùn lábẹ́ èèpo. Bí wọ́n bá rómi, wọ́n á jí, wọ́n á di ẹ̀ka."

"Ajílẹ̀ tí mo dà sí i ńkọ́?"

"Hẹ̀n! Ajílẹ̀ rẹpẹtẹ láìsómi? Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lẹ fún ní iyọ̀ lá yẹn."

Kó tó pa ẹnu dé, Kíákíá ti gbé ṣọ́bìrì, ó ń kó ajílẹ̀ náà kúrò.

Wọ́n gé àwọn ẹ̀ka tó ti gbẹ, wọ́n bomi rin ìdí igi díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Ó wá ku sùúrù, ìyẹn ló sì ṣòro jù fún Kíákíá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, igbe rẹ̀ ló mú Aránṣọ sáré jáde ti òun ti téèpù lọ́rùn. Èéhù wẹẹrẹ ti tú jáde lára àwọn igi náà! Kíákíá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Díẹ̀ ló kù kí n pa wọ́n," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi eléso, bí ọ̀dá bá mú kó wọ́wé, ẹ má tíì pe agégi. Ẹ họ èèpo rẹ̀ wò láti ẹ̀ka dé ìdí. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, omi ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ajílẹ̀; ajílẹ̀ di ìgbà tó bá rúwé. Ẹ fi koríko bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn. Igi tó wọ́wé ṣì lè jí. Èyí tí ẹ bá hú láàyè, ọwọ́ yín ló pa á.