Akoto Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí níbi ìkọ́lé. Ó gbójú sókè láti wo ibi tí ariwo "Ẹ rọra o!" ti ń wá, ó sì rí bàtà méjì tó ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lórí pákó àwọn bíríkìlà lókè. Èyí òsì ti lu, ọmọńdinrín ń yọjú níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ayé. Lẹ́yìn náà ló wá rí ẹ̀rín ẹni tó ni bàtà.

"Ẹ rọra o, akọ̀wé tuntun! Sìmẹ́ǹtì tútù lẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn!"

Lóòótọ́ ni. Kó tó fa ẹsẹ̀ kan yọ, èkejì ti rì. Bíríkìlà náà sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á jáde bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ rírọ̀.

"Ẹ ṣeun," ọmọbìnrin náà ní, ojú ń tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí i kí bàbá mi tó rí i."

"Kí n dí kí ni? Ẹsẹ̀ yìí rẹwà jù. Ibẹ̀ ló máa wà."

Kò sì dí i. Títí di òní, ẹni tó bá wọ ilé náà yóò rí ojú ẹsẹ̀ kékeré kan nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí Akọ̀wé ń ṣe kò le. Ẹnu ọ̀nà ibi ìkọ́lé ló ń jókòó sí láàárọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe ń wọlé, nọ́ńbà iwájú akoto orí rẹ̀ ni yóò kọ sínú ìwé. Bàbá rẹ̀ ni fóòmáànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, òun ló bá a wá iṣẹ́ náà, ó sì ti kì í nílọ̀ dáadáa. "Nọ́ńbà ni kí o kọ, má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ojú a máa tan èèyàn. Nọ́ńbà kì í tanni."

Ṣùgbọ́n ojú kan wà tó ṣòro láti má wò. Rọra ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe bíríkìlà náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó gun òkè tí kò ní ké "ẹ rọra o" sí.

"Akọ̀wé, o ti rí mi?"

"Mo rí ẹ. Mọ́kànlélógójì. Kọjá."

"Nọ́ńbà mi lo rí. O ò tíì rí mi."

"Wọn ò gbà mí síṣẹ́ kí n máa wo ojú èèyàn."

"Jọ̀ọ́, wò ó lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó wò ó. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ dàrú, tí kò sì tò mọ́. Yóò kọ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò fo òmíràn. Bó bá gbọ́ "ẹ rọra o" lókè, bíírò rẹ̀ á dúró sójú kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó gbé ìwé wá bá òun láàárín ọgbà, níbi tí wọ́n ti ń fa búlọ́ọ̀kù lọ sókè. Ó wá akoto rẹ̀ títí, kò rí i. Rọra tó ń wọlé bọ̀ ṣí tirẹ̀ lórí, ó fi dé e, ó sì rọra bá a so okùn rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

"Ìwọ ńkọ́?" Akọ̀wé bi í.

"Ibà dá wẹ́dà tó ń jó irin fún wa dúró sílé. Akoto tirẹ̀ wà lórí ìṣó yẹn." Ó mú un, ó dé e, ó sì dúró gbọn-in níwájú tábìlì bí ọmọ ilé-ìwé. "Ó yá, kọ mí."

Akọ̀wé wo iwájú akoto, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ohun tó rí níbẹ̀: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ṣebí nọ́ńbà ni kí wọ́n kọ?

Kò tíì di ọ̀sán tí pákó kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ Rọra. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé ló já bọ́ láti àjà kejì. Akoto wẹ́dà kó orí rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán sí ọ̀nà méjì.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ohun funfun kan di ẹsẹ̀ náà gbagidi. "Láti kékeré ni mo ti ń rẹ́ ògiri," Rọra ní, "àṣé wọ́n á rẹ́ èmi náà lọ́jọ́ kan." Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wá lójoojúmọ́ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ, ọwọ́ wọn a sì máa kan ara wọn nínú bébà.

Dókítà ní ẹsẹ̀ náà ń fẹ́ irin nínú. Bí wọn ò bá tètè fi í sí i, yóò jinná ní wíwọ́, Rọra kò sì ní lè gun òkè mọ́ láé. Owó gbà-máà-bínú tó tọ́ sí ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn yóò fi ṣe é. Gbogbo wọn rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ibẹ̀ ni wẹ́dà ti já wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Kọ́ńpìnnì ní àwọn bá mi kẹ́dùn ẹsẹ̀ mi tó kán!" Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. "Èwo nínú ẹsẹ̀ mi ló kán? Ìyàwó mi ti ń bi mí ohun tí mo ń fi pamọ́ fún òun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó wo gíláàsì wá láti ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ìjọba, òun kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi," Onígíláàsì ní. "Ìwé ní Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà lókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ Mọ́kànlélógójì ló kán, ṣùgbọ́n ìwé ní kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kọ́ńpìnnì ní ibòmíràn lo ti lọ ṣubú. Bọ̀dá, níbo ni akoto tìẹ wà?"

Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó ń retí kí Rọra tọ́ka sí òun.

"Mi ò rántí, mà," ni Rọra wí.

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

"O ò rántí bí báwo?" Akọ̀wé bú mọ́ ọn. "O rántí irú búrẹ́dì tí mo jẹ lọ́jọ́ tí mo dé ibí, o ò rántí akoto tí o fi ọwọ́ ara rẹ dé mi?"

Rọra kọjú sí ògiri. "Máa lọ sílé, Akọ̀wé. Má wá mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà rú Akọ̀wé lójú pátápátá. Ṣé ó forí gbá ni? Dókítà ní orí rẹ̀ pé. Ṣé ó ń bínú pé òun kọ nọ́ńbà òdì ni? Àbí ojú àánú lásán ló fi ń wo òun látọjọ́ yìí? Bó bá rò ó síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún. Akoto Rọra ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Akọ̀wé nílé. Bó bá jí, òun ló ń kọ́kọ́ rí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, bàbá rẹ̀ wọlé wá bi í ìdí tí kì í fi í jẹun mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá akoto pàdé lójúkojú. Ó fa àga, ó jókòó.

"Èmi ni mo fà á," bàbá ní. "Ọmọkùnrin yẹn bi mí pé, 'Bàbá, bí mo bá sọ pé akoto mi wà lórí ọmọ yín, kí ni wọ́n máa ṣe fún un?' Mo ní wọ́n máa lé e, torí òfin ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dé akoto ẹlòmíràn. Ó ní, 'Ó dáa, sà. Mi ò rántí mọ́ nìyẹn.'"

Gbogbo ohun tó ti lọ́ pọ̀ nínú Akọ̀wé tú lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún lọ́ padà: ayọ̀ ni àbí ìbínú?

"Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ fi ra iṣẹ́ mi?"

Bàbá kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n pè wọ́n sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, Akọ̀wé dé akoto náà láti ilé. Àwọn èèyàn ń wò ó lójú títì, kò bìkítà. Rọra wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ nà sórí àga kejì. Bó ti rí i, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

"Rárá o! Mà, ẹ má dá a lóhùn, orí rẹ̀ ò pé!"

"Ó pé," Akọ̀wé ní. "Ìwọ lo fi akoto bò ó."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: òjò, okùn abẹ́ àgbọ̀n, nọ́ńbà tí òun kọ. Máníjà kọ́ńpìnnì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ta ni kò lè dé akoto wá síbí? Ìfẹ́ ló ń pa ọmọ yìí."

"Èmi rí i lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà." Ohùn bàbá ni, láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Rọra ni mo rí lókè, akoto wẹ́dà lórí rẹ̀. Mo sì tún rí nǹkan mìíràn, mà. Wọn ò so pákó yẹn tán. Mo ní tó bá di ọ̀sán, màá bójú tó o. Kò di ọ̀sán."

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó ń kà á bó ti ń kọ ọ́: "Ẹni tó ṣubú ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán."

Wọ́n san owó náà, wọ́n sì fi irin sí ẹsẹ̀ Rọra. Lọ́jọ́ ẹjọ́ náà gan-an ni wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ Akọ̀wé, wọ́n sì lé e níṣẹ́. Wọ́n yọ bàbá nípò fóòmáànù, ó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ti ń sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ tí Rọra kọ́kọ́ fi ọ̀pá rìn nínú ọgbà ọsibítù, Akọ̀wé ń tẹ̀ lé e, ó ń ké "Rọra o! Rọra!" Kò mọ̀ bóyá òun ń pè é ni tàbí òun ń kìlọ̀ fún un.

Rọra dúró, ó mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ti san gbà-máà-bínú ẹsẹ̀. Ti ọkàn mi ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko lo ò fi wá."

"Ta ló ní kí n má wá?"

"Má dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá sọ irú ìyẹn." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Fẹ́ mi, Akọ̀wé mi. Mi ò ní nǹkan kan ju ẹsẹ̀ onírin yìí."

"Bàtà tí kò lu ni kí o kọ́kọ́ rà," ó ní, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ apá tí kò mú ọ̀pá.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dúró níwájú tábìlì ibi tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀. Bàbá wà lẹ́yìn wọn, wẹ́dà ń nu ojú. Wọ́n na bíírò sí Akọ̀wé pé kó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Kò tètè kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ yíjú sí Rọra, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.