Aṣọ Tó Ń Tóbi Sí I

Wọ́n ti dín aṣọ náà títí, síbẹ̀ ó tún tóbi.

Obìnrin tó fẹ́ wọ̀ ọ́ dúró níwájú dígí, ó gbójú sókè. Olórin ni tẹ́lẹ̀. Olóhùn Oyin ni wọ́n ń pè é. Ó mutí, ó gba ọkọ olọ́kọ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, ó pa orin tì, ó dá ilé aṣọ olówó ńlá sílẹ̀. Àwọn ìyàwó ọlọ́lá ń dúró dè é. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó ti di ẹni tuntun, òun náà sì gbà á gbọ́.

Irọ́ ni. Aṣọ ló pààrọ̀.

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi téèpù wọn Màdáàmù. Ère onígi kan wà ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe láyé orin. Ara ère yẹn ni wọ́n ti ń dán gbogbo aṣọ rẹ̀ wò. Ère kì í rù. Òun ló ń rù.

"Ẹ ki fóòmù sí i," ó ní. "Àyà àti ìdí. Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo ti rù lọ́la tí mo bá jáde síwájú àwọn oníròyìn."

Aránṣọ àgbà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Òun náà ti jó lẹ́yìn Olóhùn Oyin rí, kó tó di ọmọ Jésù.

"Àbúrò, fóòmù ti pọ̀ ju ìwọ fúnra rẹ lọ nínú aṣọ yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mo ní kẹ́ ẹ rán. Mi ò bẹ̀ yín ní ìwàásù."

"Aṣọ lo ń sanwó ẹ̀. Ìwàásù, èènì ni. Jẹ́ n wọ̀n ọ́."

"Rárá."

"Kí lo ń sá fún?"

Ó mọ ohun tó ń sá fún. Bí ìyá rẹ̀ ṣe rù kó tó kú náà nìyẹn. Nígbà tí orin rẹ̀ gbòde, oníròyìn kan béèrè ìyá rẹ̀ lórí rédíò. Ó ní ìyá òun ti kú tipẹ́, kí wọ́n má baà lọ rí yàrá kan ṣoṣo tí ìyá náà ń gbé. Ìyá ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn àìsàn. Aládùúgbò fẹ́ pa rédíò náà. Ìyá ní kó fi í sílẹ̀, ohùn ọmọ òun nìyẹn. Kí ọmọ tó dé, wọ́n ti sin ín.

"Ẹ wọ̀n mí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Aránṣọ fi téèpù yí i ní ìbàdí. Kò pe iye rẹ̀, ó kàn fi hàn án.

Ó bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Aṣọ kò wó. Fóòmù gbé e ró, ó dúró níwájú dígí bí ẹni tó wà láàyè.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Kò tiẹ̀ nílò mi." Ó kọjú sí aránṣọ. "Ṣé Jésù á gba ẹni tó fi ẹnu pa ìyá ẹ̀?"

"Ó gba èmi. O ṣáà mọ ohun tí a jọ ṣe."

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ. "Jésù, mo parọ́. Ìyá mi wà láàyè nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ló ń tì mí. Ìwọ lo kú fún ẹ̀ṣẹ̀ mi. Gbà mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó jáde láìsí fóòmù, ó sì jẹ́wọ́ irọ́ náà fún àwọn oníròyìn. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ láti ibẹ̀. Dókítà ní àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀, wọn kò sì ṣèlérí ohunkóhun fún un. Ṣùgbọ́n bí ikú bá kàn án lónìí, ẹni tí a ti dárí jì ni yóò bá.

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? O ti kó kúrò ládùúgbò tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Wọ́n ti ń kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí lo kì sínú aṣọ rẹ? Ọlọ́run ti mọ ìwọ̀n rẹ tipẹ́.

Ibi tó o jókòó sí yẹn, sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù bó ṣe rí gan-an. Dárúkọ ẹni tó o ṣe é sí. Kò ní lé ọ. Ṣe é kó o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti ń gé aṣọ tí wọn yóò fi sin ọ́.