Ẹ̀rí Tí Septimiu Fowó Rà

Septimiu Hodișan kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe olè. Gbogbo àwa tí a mọ̀ ọ́n ní Oradea, ìlú kan ní Romania, la máa ń sọ pé ọmọlúàbí ni. Ìdí nìyí tí kò fi ronú rí pé òun nílò Olùgbàlà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe áàpù sórí fóònù. Ó ṣe ọ̀kan fún àwọn tó ń wá olú nínú igbó. Ẹni tó bá rí olú yóò ya á ní fọ́tò, áàpù náà yóò sì sọ fún un bóyá jíjẹ ni tàbí olóró. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló máa ń sọ. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣì í, Septimiu sì mọ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ó bá lọ bá àwọn tó ń ta ọ̀rọ̀ ìyìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sanwó fún wọn. Àwọn tí kò rí olú sójú rí kọ ọ́ pé áàpù náà kò lẹ́gbẹ́, wọ́n fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Septimiu fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀kan mọ́ ọn, ó ṣe bí ìyá àgbà: “Láti kékeré ni mo ti ń wá olú ní òkè Apuseni. Áàpù yìí kò ṣì í fún mi rí. Ẹ jẹun, ẹ má fòyà.”

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba áàpù náà wìtìwìtì.

Teofil Bochiș ló ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ọ̀rẹ́ Septimiu láti ilé ìwé.

“Septi, ta ni ìyá àgbà yìí?”

“Èmi ni. Àbí mi ò jọ ìyá àgbà?”

“Ẹ̀rí èké nìyẹn o.”

“Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi onírònúpìwàdà yìí, ẹ ò ní jẹ́ kéèyàn mu ọtí pálíńkà rẹ̀ kó dùn lọ́fun. Ìpolówó ọjà lásán ni. Ta ló ń ta ẹja tó ń sọ pé ó ti ń rùn?”

“Ohun téèyàn máa fi sẹ́nu ni o. Ṣé àwọn èèyàn tiẹ̀ ń gbà á gbọ́?”

“Wọ́n ń gbà á gbọ́ dáadáa.”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn,” ni Teofil wí.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi kọ òtítọ́ síbẹ̀. Ó ní áàpù náà pe olú olóró ní jíjẹ, pé bàbá òun ló já a gbà lọ́wọ́ òun kí òun tó jẹ ẹ́. Septimiu kà á, ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, ó tún ra ìyìn púpọ̀ sí i, títí wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ obìnrin náà mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí ewé ń rẹ̀ dànù ni wọ́n gbé Viorica lọ sí ilé ìwòsàn. Viorica ni ẹ̀gbọ́n Septimiu obìnrin, òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí igbó, ó wá olú bọ̀, ó sè é, ó fi jẹ mamalíga, òkèlè àgbàdo wọn. Òun nìkan ló jẹ ẹ́, torí ọkọ rẹ̀ kì í jẹ olú.

Ó bì títí. Lẹ́yìn náà ara tù ú, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́. Dókítà kò dúpẹ́ ní tirẹ̀.

“Bí oró yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn,” ni dókítà wí. “Á fara pa mọ́ díẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wọn ló ń bà jẹ́ báyìí.”

Septimiu jókòó ti ibùsùn náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tẹ́ ò bi mí kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́?”

“Kí ni mo tún fẹ́ bi ẹ́? Ṣebí ìwọ lo ṣe áàpù yẹn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí o. Ni mo wá ka ohun tí ìyá àgbà kan kọ, ará òkè Apuseni. Mo ní bí àgbà bá ti sọ ọ́, ó parí.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Wọ́n yìn ẹ́ gan-an, Septi. Orí mi wú.”

Septimiu dìde. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Teofil lórí fóònù, Teofil sì wá. Kò sọ pé, ‘Ṣebí mo sọ fún ẹ.’

“Mo ti pa ẹ̀gbọ́n mi,” ni Septimiu wí. “Màá yọ áàpù yẹn kúrò.”

“Yọ ọ́ báyìí báyìí, kó má bàa pa ẹlòmíì. Àmọ́ ìyẹn ò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.”

“Kí ló máa wá wẹ̀ mí?”

Teofil jókòó tì í. “Ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n kó jọ sí Jésù, kí wọ́n lè rí i pa. Kò fèsì sí wọn. Àwọn ẹlẹ́rìí yẹn náà ló kú fún, Septi. Ó kú fún ẹ.”

Septimiu kúnlẹ̀ níbẹ̀, níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì. “Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo mọ̀, mo sì ṣe é. Ṣàánú mi.”

Lọ́jọ́ náà ló yọ áàpù kúrò, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ní in, pé kí wọ́n má ṣe gbà á gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé tọ Viorica lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ìyá àgbà kankan. Èmi ni mo kọ ọ́.”

Viorica yíjú sí ògiri.

Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n okun rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, ó sì pẹ́ gan-an kó tó gbà kí Septimiu wọ ilé òun. Septimiu ń sunkún síbẹ̀ bó bá ń jẹ́rìí nínú ìjọ. Ọlọ́run ti dárí jì í; ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sọ pé ohun tó ṣe kò dun ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò ta áàpù rí. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń yìn ọ́, ìwọ lo sì mọ ohun tí o ṣe tí wọ́n fi ń yìn ọ́. O lè fi ẹ̀bùn ra ẹnu wọn, o sì lè fi aṣọ funfun ra ojú wọn. Ẹ̀rí kan ló kù tí owó kò lè rà: ẹ̀rí ọkàn rẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí o ti ń kà á lọ yìí. Má ṣe tún kó ìyìn bò ó mọ́lẹ̀.

Má dúró de ọjọ́ tí ẹni tí o fẹ́ràn yóò jẹ nínú irọ́ rẹ. Lónìí, níbi tí o wà yìí, sọ òtítọ́ nípa ara rẹ fún Jésù. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀ kó tó lọ sórí igi àgbélébùú, ó sì lọ.