Kẹ̀kẹ́ Tí Josiah Tijú Láti Gùn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú àfaradà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi iṣan so eegun wa pọ̀, tó sì ń jí wa láràárọ̀. Ẹ fún mi ní etí díẹ̀, kí n sọ ohun tí ìtìjú fi ojú Josiah Ọláògún rí ní Abẹ́òkúta níbí.

Kẹ̀kẹ́ ni Josiah fi ń jẹun. Bí àwọn aláró Ṣàpọ́n bá ti pa àdìrẹ wọn láró tán, òun ló ń di í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà wọn ní ọjà Owódé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ̀ kọ́rọ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kó tó lè nà ró.

Àánú rẹ̀ ṣe Olúṣẹ́gun, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń jó irin ní Láfẹ́nwá. Ó ti rí àwòrán kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì gùn nínú ìwé ìròyìn òkè òkun. Ó wá fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ méjì àti àga kan ṣe irú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tì í dé ẹnu ọ̀nà Josiah.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn tì. Lórí kẹ̀kẹ́ yín àtijọ́, ẹ ń tẹ̀ síwájú ni, bí táyà bá sì ti bọ́ sí kòtò, ọ̀pá ẹ̀yìn yín ló ń gbà á. Níbí, ìdí àti ẹ̀yìn ló jọ ń pín ara yín gbé. Ẹ na ẹsẹ̀ síwájú. Bí orúnkún bá ká jù, ẹ sún àga sẹ́yìn."

"Aṣọ pupa orí ọ̀pá yìí ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ náà rẹlẹ̀, awakọ̀ lè má rí yín. Ẹ má yọ ọ́ láé."

Josiah gùn ún lọ sí Ṣàpọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn aláró kọ́kọ́ rí tó yọ ní kọ̀rọ̀. Àlàájà Sìdíkàt, tí aró ti kùn dé ìgbọ̀nwọ́, pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Josiah! Òkú ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú! Ta ló ń gbé ọ lọ sin?"

"Kò tíì kú, Àlàájà," ni ẹlòmíràn dáhùn, "ó kàn ń fi kọ́ra ni!"

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n ojú Àlàájà yí padà. "Eré kọ́ o. Mi ò lè di ọjà tí mo fẹ́ tà sórí pósí. Bí o bá fẹ́ gbé ẹrù mi, lọ mú kẹ̀kẹ́ ènìyàn wá."

Josiah padà sílé. Adébímpé, ìyàwó rẹ̀, wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Adépéjú, ṣé ẹ̀yìn dùn yín lónìí?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́?"

"Wọ́n ní òkú ni mí, Bímpé."

"Àwọn tó ń fi yín rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé wọ́n á yá yín ní ẹ̀yìn tiwọn?"

Josiah gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jáde. Láti ọjọ́ náà, adìyẹ ló ń yé sórí àga kẹ̀kẹ́ tuntun náà lẹ́yìnkùlé.

Josiah wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní gáréèjì Láfẹ́nwá. Wọ́n á da oríṣiríṣi pọ̀ fún un, òun náà á gbé e mì. Ìrora á rọlẹ̀, Josiah á sì tún di ẹrù tó wúwo ju ti àná lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, sálúbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀ láìmọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kan, níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ òkè kan ní ọ̀nà Owódé, ẹsẹ̀ náà yọ̀ kúrò lórí pẹ́dà, kò sì mọ̀. Òun àti ẹrù yí gbirigbiri dé inú gọ́tà. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ẹsẹ̀ òsì kò lè dúró.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Harriet Olújìmí fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Josiah kò mira.

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹsẹ̀ yìí ti ń kú?"

"Ó ti pẹ́, Dókítà. Oògùn ló ń bá mi gbé e."

"Oògùn yẹn kò wo ẹ̀yìn yín sàn, ó kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ìrora dà bí ajá tó ń gbó. Ẹ pa ajá, olè sì wọlé. Ohun kan ti yọ láàárín eegun ẹ̀yìn yín, ó sì ti tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ pa. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn, tí ẹsẹ̀ ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣe é mú dúró, tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kó wá. Kó má ṣe dọ̀la."

Adébímpé sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Kì í ṣe oògùn o, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn ló bá mu," ni Dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bó bá tu ẹ̀yìn rẹ̀ lára, ì bá sàn fún un ju èyí tó gùn lọ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kò bọ̀ sípò tán. Ẹlòmíràn ló ń gbé ẹrù lọ sí Owódé báyìí.

Àlàájà Sìdíkàt wá kí i. Ó jókòó tì í.

"Josiah, ẹnu mi ló fà á."

"Àlàájà, etí tèmi náà ni."

Nígbà tí Dókítà gbà pé kó máa fi kẹ̀kẹ́ tí Olúṣẹ́gun ṣe na ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n so ẹsẹ̀ aláìlágbára náà mọ́ pẹ́dà kó má yọ̀, Àlàájà ló fa àdìrẹ tirẹ̀ ya, tó sì kúnlẹ̀ so ó. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Josiah ti ń wà á yípo. Kẹ̀kẹ́ tó kọ̀ nígbà tó ní ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ló fi ń wà á. Àwọn ọmọdé ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ra oògùn láti fi pa ohùn ara yín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì rí ohun tó mú ara tu aláìsàn, ẹ má fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Olúwa tó ń gbé àwọn tó tẹ̀ ba dìde fi ọwọ́ ìwòsàn kan ẹ̀yin àti ará ilé yín. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀. Àmín.