Bírò Olóróró

“Dúró lórí ẹsẹ̀ kan kó o tó dá mi lóhùn! Méjìlá ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, mélòó ni?”

“Igba ó dín mẹ́jọ, sà!”

“Òdo!”

“Háà! Bàbá, mo gbà á kẹ̀! Igba ó dín mẹ́jọ ni!”

“Mo mọ̀ pé igba ó dín mẹ́jọ ni. Ẹsẹ̀ mélòó lo fi dúró?”

Bọ̀ọ̀dá Jabez wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi tẹ ilẹ̀ gbọnin-gbọnin. Èmi Bùkúnmi, àbúrò rẹ̀, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń ṣa ẹ̀wà, bú sẹ́rìn-ín títí àwo ẹ̀wà fi fẹ́ dànù lẹ́sẹ̀ mi.

Alájì Bàdírù ni onílé wa ní Oju Ore. Sójà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, sájẹ́ńtì ni oyè rẹ̀. Títí dòní, bó bá ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé, àṣẹ ló ń pa fún un. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pe Bọ̀ọ̀dá Jabez jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ di sójà, kò sì sí ẹni tó lè wọ iṣẹ́ sójà láì kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ọpọlọ. Ìṣirò wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àti àwọn àwòrán tí wọ́n á ní kí o wò kí o sì mú èyí tó yàtọ̀. Ọ̀fẹ́ ni Alájì ń kọ́ ọ, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ le. Kò sí ìbéèrè tí kì í pa àṣẹ kan ṣáájú rẹ̀. Di etí rẹ òsì mú. Kọjú sí ògiri. Bí o bá dáhùn dáadáa, tí o kò tẹ̀lé àṣẹ, òdo ni.

“Bàbá yìí ń fi mí ṣeré ni,” ni Bọ̀ọ̀dá Jabez máa ń wí fún mi bó bá wọlé. “Ṣé wọ́n á ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ kan nínú ìdánwò ni?”

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ ni bí èèyàn bá ti kọjá méjìlélógún, wọn kì í gbà á mọ́. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sango ló ti ń ṣiṣẹ́, etí korobá ló ń gé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti kékeré ló sì ti ń fi igi ìgbálẹ̀ ṣe ìbọn káàkiri àgbàlá. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà láyé yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò, pásítọ̀ wa ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ìdánwò níwájú na bírò rẹ̀ sókè. Ní Ọ̀tà wa yìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù lójoojúmọ́, ta ni kò ní ìdánwò? Bírò gba gbogbo òkè kan. Mọ́mì, tó ń dáná nílé oúnjẹ yunifásítì kan, ti ra bírò aláwọ̀ búlúù tuntun fún Bọ̀ọ̀dá Jabez. Pásítọ̀ gbàdúrà, a ṣe àmín títí òrùlé fi fẹ́ ṣí. Mọ́mì kò jẹ́ kó tán síbẹ̀ o. Nígbà tí a délé, ó ta òróró sí bírò náà lára, ó sì fi aṣọ ìnujú wé e.

“Jabez ọmọ mi, ìdánwò yìí kò ní já ọ kulẹ̀.”

“Àmín, Mọ́mì!”

Seth, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Òun náà fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn, wọ́n sì ti gbàdúrà sí bírò tirẹ̀ náà. Ẹnu Seth dùn ju ti olóṣèlú lọ.

“Jabez, gbọ́ mi,” ó ní. “A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan ìkọ̀wé mìíràn. Ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn kọ ìdánwò yìí, kò nígbàgbọ́ ni. Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́. Ó ti dèèwọ̀.”

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ń mulẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi wọkọ̀ lọ sí bárékè kan ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìdánwò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ẹ̀gbọ́n mi.

“Bùkúnmi! Dúró kó o kí ẹ̀gbọ́n rẹ! Sójà ló dé yìí!”

Mọ́mì bu ìrẹsì fún un, ẹran méjì ló fi lé e. Bó ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń ròyìn. Ó ní sójà kan tó sígbọnlẹ̀ ló dúró níwájú wọn. Ó pín ìwé ìdáhùn, irú èyí tí èèyàn ń kun òdo kéékèèké inú rẹ̀ kí mashíìn lè máàkì í, ó sì pín pẹ́ńsù fún kálukú. Ó wá pariwo pé, “Na only pẹ́ńsù o! Mashíìn no sabi bírò!”

“O wá lo pẹ́ńsù,” ni mo wí.

Bọ̀ọ̀dá Jabez wo ẹ̀yìn. Mọ́mì ti wọ yàrá lọ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Pẹ́ńsù kẹ̀? Nígbà tí sójà yẹn kọjú síbòmíràn, mo fa bírò mi yọ nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo mú pẹ́ńsù, mo tún jù ú sílẹ̀. Mo rántí òróró Mọ́mì, mo rántí ohun tí èmi àti Seth jọ sọ. Mo ní rárá, n ò ní sẹ́ ìgbàgbọ́ mi. Bùkúnmi, gbogbo ìbéèrè yẹn ni mo mọ̀! Wọ́n tiẹ̀ bi wá ní méjìlá ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún!”

“Mashíìn tí wọ́n sọ yẹn ńkọ́?”

“Mashíìn wo? Ọlọ́run ju mashíìn lọ!”

Ọkàn mi kò balẹ̀. Àmọ́ ó ti gé ẹran kan sí mi lẹ́nu, mo bá ń jẹ ẹran mi.

Nígbà tí èsì jáde, káfè ló ti lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, kò wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí. Alájì ń fi rédíò gbọ́ ìròyìn lórí àga rẹ̀. Mọ́mì sáré jáde.

“Jabez, mélòó lo mú?”

“Òdo.”

“Òdo bí i ti báwo?”

“Òdo, Mọ́mì. Kò sí ẹyọ kan.”

Alájì pa rédíò. “Irọ́ ni. Ewúrẹ́ mi gan-an, bó bá rìn lórí ìwé yẹn, á mú méjì. Jabez, kí lo ṣe?”

Ibẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, láti orí ìbọ̀sẹ̀ dórí bírò. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Seth fi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Seth ti yege.

Bọ̀ọ̀dá Jabez fò dìde. “Seth! Bírò tìẹ ńkọ́?”

Ẹ̀rín kú lójú Seth. Ó fọwọ́ họ orí. “Jabez... nígbà tí sójà yẹn pariwo, ẹ̀rù bà mí. Mo lo pẹ́ńsù.”

“Ìwọ! Ìwọ tó o ní ẹni tó bá lo nǹkan mìíràn kò nígbàgbọ́!”

“Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú. Sójà yẹn ga jù!”

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín títí n ó fi ṣubú. Lọ́jọ́ yẹn, àánú ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe mí.

Mo rò pé Mọ́mì á bẹ̀rẹ̀ sí í bú mashíìn ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀. “Jabez, ṣé bírò ni mò ń gbàdúrà fún ni àbí ìwọ? Ọlọ́run tó mọ bírò, ṣé kò mọ pẹ́ńsù ni?”

Alájì tẹ̀ síwájú. “Ẹ jẹ́ n bá a sọ ọ́, Ìyá Jabez. Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀wé, àmọ́ o ò gbọ́ àṣẹ. Èyí tí mò ń sọ fún ọ lórí ẹsẹ̀ kan látọjọ́ yìí nìyẹn. Lójú ogun, bí wọ́n bá ní kó o dọ̀bálẹ̀, tó o wá dúró torí pé o nígbàgbọ́, òkú rẹ ni wọ́n á gbé wá bá ìyá rẹ.” Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. “Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ọjọ́ orí rẹ ò tíì kọjá. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀la, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí la ó ti pàdé.”

Ọdún yẹn kò rọrùn. Seth lọ sí Zaria fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí etí korobá. Ọ̀rọ̀ náà dé iléeṣẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní “Jabez Bírò.” Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ń fara dà á. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kò dúró kí Alájì pè é mọ́. Nígbà míì, Alájì kò tíì la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

“Ta ló ní kó o gbẹ́sẹ̀?” Alájì á pariwo. “Dúró kó o gbọ́ ná! Òdo!”

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Mọ́mì ti gbé ìgò òróró jáde láàárọ̀ kùtù, ó di pẹ́ńsù tuntun mú lọ́wọ́ kejì. Bọ̀ọ̀dá Jabez dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí pẹ́ńsù máa sinmi. Etí mi ni kẹ́ ẹ gbàdúrà sí.”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ta òróró sí etí rẹ̀ méjèèjì, ó fà wọ́n bí ẹni ń fa ti ọmọ ọdún márùn-ún. “Ẹ̀yin etí yìí, ẹ ó gbọ́ àṣẹ lónìí!”

“Àmín!”

“Àmín o!” Alájì dá sí i láti ojú fèrèsé. “Ìyá Jabez, ẹ fa ti òsì dáadáa, òun ló di jù!”

Ní Abẹ́òkúta, sójà mìíràn ló wà níwájú wọn lọ́dún yẹn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìwé, kí gbogbo wọn gbórí lé tábìlì títí òun ó fi fọn fèrè. Àwọn kan yọ́ ṣí i, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bọ̀ọ̀dá Jabez gbórí lé tábìlì, kò mira. Ó ní díẹ̀ ló kù kí òun gbé ẹsẹ̀ kan sókè kún un. Nígbà tí fèrè dún, ó mú pẹ́ńsù tí wọ́n fún un, ó kun òdo ìdáhùn kọ̀ọ̀kan títí ó fi dúdú.

Ó yege. Ọjọ́ tí èsì dé, Alájì Bàdírù fúnra rẹ̀ ló dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín àgbàlá, ó sì kí ẹ̀gbọ́n mi bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Mọ́mì ń jó, èmi ń pàtẹ́wọ́, ewúrẹ́ sá wọ ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un.

Kí Bọ̀ọ̀dá Jabez tó lọ sí Zaria, ó fún mi ní bírò búlúù yẹn, nítorí ó kù díẹ̀ kí n jókòó fún ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì. “Bùkúnmi,” ó ní, “àdúrà dára, máa gbà á. Ìwé dára, máa kà á. Àmọ́ bó o bá jókòó síwájú ìdánwò, kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó o ṣe. Ẹni tó bá gbàdúrà tán tó kọ etí ikún sí àṣẹ, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.”

Mi ò gbàgbé. Bírò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò tíì gbẹ. Mo máa ń fi í kọ̀wé dáadáa, níbi tí wọ́n bá ti ní ká lo bírò.