Àlíù Ti Délé Ṣáájú

Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mùjídátù tó ṣẹlẹ̀ sí ń bẹ láàyè, ó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì àlòkù lọ́jà Hédzranawoé ní Lomé títí dòní.

Àlíù ni bàbá rẹ̀. Ilé Mùjídátù ní Amoutivé ni bàbá náà dùbúlẹ̀ àìsàn sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Ọ̀rọ̀ Àgọ́ Àrẹ̀mú ló ń sọ ṣáá, abúlé rẹ̀ lọ́nà Kpalimé, láàárín odò kékeré méjì tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Aṣọ ni Àrẹ̀mú, bàbá àgbà rẹ̀, ń rù lọ tà lókè lọ́hùn-ún kí àìsàn tó dá a dúró níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń rìn fi í sílẹ̀, wọ́n lọ. Ó pàgọ́. Ó gbẹ́ kànga. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò lọ mọ́. Àwọn Yorùbá mìíràn wá bá a. Nígbà tó yá, ọ̀nà ńlá gba ibòmíràn, àwọn ọ̀dọ́ sì kó wá sí Lomé. Abúlé náà kò ní ọba, kò sí nínú ìwé ìjọba, kò tilẹ̀ sí pátákó tó ń júwe rẹ̀.

"Ça va, Papa?" ni Mùjídátù máa ń kí i láàárọ̀.

"Gbé mi lọ sílé."

"Ó di ẹ̀yìn Iléyá, Papa."

Iléyá kọjá. Mùjídátù ní kí òjò dá ná. Òjò dá. Ó ní kí ọjà rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Àlíù kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Fàrúkù, àbúrò Mùjídátù tó ń wakọ̀ ní èbúté, gbé ọkọ̀ wá. Ó di Àgọ́ Àrẹ̀mú.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Abúlé dákẹ́. Ewúrẹ́ kan kò ké. Obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Ìyá Jẹ̀mílátù jáde sí wọn.

"Ta lẹ gbé wá?"

"Bàbá wa ni, Ìyá. Àlíù, ọmọ ọmọ Àrẹ̀mú."

Ìyá náà wo ọkọ̀.

"Àlíù ti délé ṣáájú yín. Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀yìn mọ́sálásí ló mú wọn lọ. Sàárè kan wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀.

"Ìgbà ọyẹ́ ló dé," ni ìyá náà wí. "Ẹsẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ó bá wa kó ẹrẹ̀ inú kànga. Ó tún òrùlé bàbá rẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kú."

"Ìyá, inú ilé mi ló wà nígbà ọyẹ́! Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un."

"Ìka rẹ̀ kan gé. Lọ́wọ́ òsì."

Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ bàbá wọn rí, nítorí náà Fàrúkù padà sídìí ọkọ̀ lọ wò ó bóyá òun ni wọ́n gbé wá. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ òkú látorí aṣọ. Ó sáré padà wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ni. Ìka náà kò sí."

Àwọn ọkùnrin abúlé gbẹ́ sàárè mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìró ọkọ́ nìkan ló ń dún. Lẹ́mọ́ọ̀mù béèrè orúkọ òkú. Wọ́n wo ara wọn. Ó kírun náà láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Mùjídátù kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó dárúkọ mi?"

Ìyá Jẹ̀mílátù gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"A bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ká lè ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ní òun kò bímọ."

Mùjídátù máa ń lọ síbẹ̀ báyìí. Àárín sàárè méjèèjì ló máa ń jókòó sí. Kò mọ èyí tí ì bá kọjú sí kó tọrọ àforíjì.